"Quite" tí òyìnbó ń sọ yìí, ṣé pátápátá ni àbí díẹ̀?

Ẹnì kan ló béèrè pé òun fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí ọ̀gá òun ní London, ọ̀gá fèsì pé "it's quite good", inú òun sì dùn, àfi bí ọ̀rẹ́ òun ṣe ní kóun má tíì yọ̀, pé ìyẹn kì í ṣe ìyìn. Ó wá fẹ́ mọ ìtumọ̀ "quite" gan-an.

Ọ̀rẹ́ yín ò purọ́ o. Ọ̀rọ̀ yìí ti ṣe ọmọ ẹ̀gbọ́n mi rí, ó ń kàwé n'Ílùú Ọba nígbà yẹn, tíṣà ẹ̀ fi báírò kọ "quite good" sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé tó kọ, ó pè mí lálẹ́ ó kà á fún mi lórí fóònù, mo ní kó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ìgbà tí máàkì máa jáde, 54 ni. Ọmọ yẹn sunkún, ó dùn mí gan torí èmi ni mo ní kó máa yọ̀.

Ọ̀rọ̀ tó bá tẹ̀lé "quite" ni kẹ́ ẹ máa wò. Tó bá jẹ́ ohun tó lè pọ̀ tó lè kéré, bíi "good", "cold", "expensive", lẹ́nu àwọn ará Bìrìtìkó ó máa ń dín in kù ni, pé ó ṣe díẹ̀. Àmọ́ tó bá jẹ́ ohun tí kò ní díẹ̀ nínú, bíi "right", "impossible", "dead", pátápátá ló túmọ̀ sí, torí ẹni tó kú ti kú náà ni, kò sí pé ó kú díẹ̀. Tó bá wá jẹ́ ará Amẹ́ríkà ló sọ "quite good", ó sábà máa ń jẹ́ pé ó dáa gan-an ló ní lọ́kàn, ẹ lè yọ̀ nìyẹn. "Not quite" ní tiẹ̀, ó kù díẹ̀ ni. "Quite a few" sì rèé, ẹ má jẹ́ kí "few" yẹn tàn yín, ó pọ̀ ló ń sọ.

Ohùn náà tún wà ńbẹ̀. Tí ará London bá tẹ ohùn mọ́ "quite" fúnra ẹ̀, ìyìn yẹn ti dínkù, tó bá jẹ́ "good" ló gbóhùn lé, ó sàn díẹ̀. Àwa náà kúkú ní irú ẹ̀. Kí ìyàwó tuntun gbé ọbẹ̀ ẹ̀gúsí síwájú ìyá ọkọ, kí màmá tọ́ ọ wò, kí wọ́n ní "o gbìyànjú, ọmọ mi", gbogbo ará ilé ló mọ̀ pé ọbẹ̀ yẹn ṣì kù díẹ̀ káàtó. Èmi ò rí Yorùbá tó bá "quite good" ti London mu ju "o gbìyànjú" lọ.

Pátápátá yẹn ló kọ́kọ́ jẹ́ ṣá o, láti nǹkan bí ọdún 1300 sókè, díẹ̀ yìí ẹ̀yìn ló dé. Inú Faransé àtijọ́ ni wọ́n ti mú un, ẹni tó ti bọ́ lọ́wọ́ gbèsè ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, àwọn èèyàn wa ní Kétu àti Àjàṣẹ́ tó ń sọ Faransé mọ "quitte" dáadáa, tẹ́ ẹ bá ti sanwó tán tí ò ku kọ́bọ̀, ẹ ti di "quitte" nìyẹn. Láti orí gbèsè tó tán pátá ni "quite" ti wá di pátápátá. Ìdí kan náà ni "quiet" ti wá, "quietus" ti Látìn tó jẹ mọ́ ìsinmi, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́ ẹ má pààrọ̀ wọn, mo máa ń rí "quiet a while" káàkiri, ó sì máa ń dùn mí, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni "quiet".

Nípa ti ọ̀gá yín, ẹ fèsì lónìí kẹ́ ẹ bi í níbi tó kù díẹ̀ káàtó, ó máa sọ ọ́, torí ó ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì rí "quite right" níbì kankan nínú iṣẹ́ yẹn, ẹ má fọwọ́ kan ibẹ̀, ìyẹn ti pé.