Owó orí tábìlì

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin Olóòtú, mo kí yín o. Kétu ni mò ń gbé, gaàrí ni mo ń tà. Àjàṣẹ́ ni bàbá àwọn ọmọ mi ti ń ṣiṣẹ́, alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n máa ń wọlé. Wọn kì í mutí, wọn kì í nà mí, wọn kò sì fi ebi pa wá rí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti dé, wọ́n á ka 12,000 sẹ́fà sórí tábìlì bí ẹni tó ń san gbèsè, wọ́n á jẹun, wọ́n á sùn. Inú mi kò dùn. Àbí ẹni tí kò bá mi mu ni mo fẹ́?
Ìyá Ìbejì, Kétu

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìfaradà. Ká ní ẹ sọ pé ó ń nà yín ni, ìdáhùn mi ìbá yàtọ̀.

Ọ̀rọ̀ “ẹni tó bá mi mu” yìí ti da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú, bẹ́ẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára tó bí a ṣe rò. Ní ọdún 2020, Samantha Joel, onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá kan ní Kánádà, àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ kó àkójọ ìwádìí 43 pọ̀, èyí tó kan olólùfẹ́ méjì-méjì tó lé ní 11,000, wọ́n sì fi kọ̀ǹpútà tú u wò. Wọ́n rí i pé ohun tí ènìyàn rí nínú ìbáṣepọ̀ rẹ̀ ló ń sọ bí yóò ṣe tẹ́ ẹ lọ́rùn tó, ju ìwà abínibí ẹnikẹ́ni nínú wọn lọ: bóyá ó gbà pé ẹnìkejì fi ọkàn sí i, bóyá ó ka níní ẹni náà sí oríire, bí ìbálòpọ̀ wọn ṣe rí, bóyá ó rò pé inú ẹnìkejì dùn, àti bí aáwọ̀ wọn ṣe pọ̀ tó.

Ẹ wá jẹ́ ká padà sórí owó tí ó ń kà sórí tábìlì. Ẹ̀yin rí ẹni tó ń san gbèsè níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí òun, tó ti gba Pọ́bẹ̀ bọ̀ nínú eruku, gbà pé owó náà gan-an ni òun fi ń sọ pé òun kò gbàgbé ilé. Ẹ kò tíì bi í. Mo sì ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mejì (ẹ má bínú), n kò rí ibi tí ẹ ti kí i pé “ẹ kú ìnáwó”.

Ní Àbámẹ́ta tó ń bọ̀, ẹ má tíì ro ẹjọ́. Ẹ jẹ́ kó wẹ̀, ẹ jókòó tì í bó ṣe ń jẹun, ẹ kí i kí ẹ tó kó owó náà, kí ẹ sì bi í bí ọ̀sẹ̀ náà ṣe lọ sí. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ sọ ti yín: “Bàbá Ìbejì, bí ẹ bá ti sùn láì bi mí bí ọjà ṣe rí, ó máa ń ṣe mí bíi pé oúnjẹ nìkan ni ẹ bá nílé.” Bí ó bá ní ó ti rẹ òun, ẹ fi í sílẹ̀ di àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, kí ó tó lọ wọ mọ́tò.