Hándíkáàpù mélòó ni kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ gọ́ọ̀fù fojú sùn?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Kóòṣì. Ẹni ọdún 46 ni mí, Ìkẹjà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Oṣù kẹjọ rèé tí mo bẹ̀rẹ̀ gọ́ọ̀fù. Mo máa ń gbá ihò 18 ní gbogbo Sátidé, mo sì máa ń yà lọ sí pápá ìdánrawò lọ́jọ́ Ọjọ́rú bí iṣẹ́ bá gbà mí láyè. Káàdì mẹ́ta péré ni mo tíì kọ dé òpin: 118, 124 àti 115. Ọ̀rẹ́ mi tá a jọ ń gbá a ní kí n fojú sun hándíkáàpù 9 kí Kérésìmesì tó dé, pé òun náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣé ó ṣeé ṣe? Bí kò bá ṣeé ṣe, mélòó ni kí n kọ sílẹ̀? – Bàbá Ìbejì

ÌDÁHÙN: Bàbá Ìbejì, ẹ kú ìnáwó o, nítorí mo mọ iye bọ́ọ̀lù tí ẹni tó ń gbá 118 máa ń sọ nù sínú igbó. Ìdáhùn ìbéèrè yín àkọ́kọ́: kò ṣeé ṣe kí Kérésìmesì tó dé. Kì í ṣe pé ẹ ò mọ̀ ọ́n gbá o. Ìṣirò ni kò gbà á.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé hándíkáàpù ni iye tí ènìyàn sábà máa ń gbá. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 2020, ìlànà kan ṣoṣo ni gbogbo ayé ń lò, òun ni wọ́n ń pè ní World Handicap System. Wọ́n á kó káàdì 20 tí ẹ gbá kẹ́yìn jọ, wọ́n á ṣa 8 tó dára jù níbẹ̀, wọ́n á pín in dọ́gba. Àwọn 12 tó kù, bí wọ́n ti burú tó, wọn ò kà wọ́n. Ohun tí hándíkáàpù ń sọ nípa yín ni ohun tí ọwọ́ yín lè ṣe lọ́jọ́ tí ara bá yá; bó bá ṣe kéré tó, bẹ́ẹ̀ ló dára tó. Ẹni tó bá wá ń retí pé òun á gbá hándíkáàpù òun ní gbogbo Sátidé, ìbànújẹ́ ló ń fowó ara rẹ̀ rà.

Wọn kì í sì í mú iye orí káàdì bẹ́ẹ̀ lásán. Pápá tí wọ́n bá ti wọ̀n ní nọ́ńbà méjì. Èkíní ni Course Rating, ìyẹn iye tí ẹni tí hándíkáàpù rẹ̀ jẹ́ 0 yẹ kó gbá níbẹ̀. Èkejì ni Slope, tó ń sọ bí pápá náà ṣe ń fìyà jẹ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ò tíì tọ́ ju bó ṣe ń fìyà jẹ ògbólógbòó lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ láti 55 dé 155, 113 sì ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n. Ẹ ó yọ Course Rating kúrò nínú ohun tí ẹ gbá, ẹ ó fi 113 sọ èyí tó kù di púpọ̀, ẹ ó wá fi Slope pín in.

Ẹ jẹ́ ká fi káàdì tiyín ṣe é. Ká ní páà, ìyẹn iye ṣọ́ọ̀tù (ìgbá bọ́ọ̀lù) tí wọ́n retí lọ́wọ́ ògbólógbòó, jẹ́ 72 ní pápá yín, kí Course Rating rẹ̀ jẹ́ 71.2, kí Slope rẹ̀ jẹ́ 124. 115 yín á di 39.9. 118 á di 42.6. 124 á di 48.1, ó sì lè dín sí i bí ihò kan bá wà tí ẹ ti gbá iye tó kọjá páà pẹ̀lú 5. Ẹni tí kò tíì ní hándíkáàpù, ibẹ̀ ni òfin fi ààlà sí fún un lórí ihò kan: bí ẹ bá gbá 12 lórí páà 4, 9 ni wọ́n máa kà fún ìṣirò yìí. Káàdì mẹ́ta, ihò 54, sì tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ mẹ́ta péré ló wà, èyí tó dára jù ni wọ́n ń mú, wọ́n á tún yọ 2 kúrò níbẹ̀. Tiyín á jẹ́ 37.9. Ibi tó ga jù tí wọ́n gbà kí ènìyàn ti bẹ̀rẹ̀ ni 54, ẹ ti wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ dáadáa láìmọ̀.

Ẹ wá wo 9 tí ọ̀rẹ́ yín sọ. Lórí pápá yìí kan náà, kí káàdì 8 yín tó dára jù tó lè wà ní 9, bíi 81 ló gbọ́dọ̀ máa jáde níbẹ̀. Láti 115 sí 81, ṣọ́ọ̀tù 34 ni. Mi ò ní sọ pé ọ̀rẹ́ yín parọ́. Ó lè jẹ́ pé ó ti gbá tẹ́níìsì láti kékeré, tàbí pé ojoojúmọ́ ló wà lórí pápá. Ṣùgbọ́n mo ti rí hándíkáàpù 9 tó jẹ́ pé ẹnu àwọn ọ̀rẹ́ ló ṣe é. Bọ́ọ̀lù á ku ẹsẹ̀ mẹ́rin sí ihò, gbogbo wọn á ní “gbé e, gbé e!”, pé kó kà á bí èyí tó ti wọlé. Èyí tó kọ́kọ́ wọgbó ní tíì àkọ́kọ́ (tíì ni ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ ihò), wọn ò kà á, ara ò tíì yá. Lọ́jọ́ ìdíje, tí kò sí “gbé e” mọ́, onítọ̀hún á gbá 98, ojú á sì tì í. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí àìmọye ènìyàn ti ní hándíkáàpù lórúkọ, bíi 14 ni tàwọn ọkùnrin bí wọ́n bá pín in dọ́gba, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ti ń gbá a fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Mélòó ni kí ẹ kọ sílẹ̀, nígbà náà? Ẹ kọ 108.

108 kì í ṣe hándíkáàpù, mo mọ̀. Iye tí ẹ ó máa gbá ni. Ó jẹ́ páà pẹ̀lú 2 lórí ihò kọ̀ọ̀kan: 5 lórí páà 3, 6 lórí páà 4, 7 lórí páà 5. Kò gba iṣẹ́ ìyanu. Lórí pápá tá a fi ṣàpẹẹrẹ, káàdì 108 kan á di 33.5. Fún ẹni tó ń gbá a lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ bíi tiyín, mo fún yín ní oṣù mẹ́fà, mo sì fẹ́ kí ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹ tó sọ pé ọwọ́ yín ti bà á, torí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lè jẹ́ oríire. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ yí i sí 100, tó jẹ́ 26.2. Ó lè gbà yín tó ọdún kan sí i. Láti 100 bọ́ sí 90 á wá pẹ́ ju láti 115 bọ́ sí 100 lọ. Ó dà bí ẹni ń fún ọsàn: èyí tí ẹ kọ́kọ́ fún á tú jáde yàà, èyí tó kù ní ìdí rẹ̀ ló ń dun ọwọ́.

Ibo ni ṣọ́ọ̀tù 7 láàárín 115 àti 108 wà? Mo bá akẹ́kọ̀ọ́ mi kan jáde láìpẹ́ yìí, ọwọ́ rẹ̀ àti tiyín kò jìnnà síra. A dé páà 4 kan, 360 yáàdì. Ó fa dráífà yọ, igi tó gùn jù nínú báàgì, ó gbá a, bọ́ọ̀lù yà sápá ọ̀tún, ó wọgbó. A wá a fún ìṣẹ́jú mẹ́ta tí òfin gbà, a ò rí i. Ó padà sí tíì: ìyà kan, ìyẹn ṣọ́ọ̀tù kan tí wọ́n fi kún un, ṣọ́ọ̀tù kẹta nìyẹn, ó lọ bíi 150 yáàdì. Inú ti ń bí i. Igi tó gùn jù tó kù nínú báàgì ló mú, orí bọ́ọ̀lù ló bà, ó yí lọ ní nǹkan bí 50 yáàdì. Ìkarùn-ún wọ kòtò yanrìn. Ìkẹfà ò jáde. Ìkeje jáde. Pọ́ọ̀tì méjì, ìyẹn ìgbá jẹ́jẹ́ lórí gíríìnì, koríko kúkúrú tó yí ihò ká. Ó jẹ́ 9.

Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú lọ, tí pápá ti dá, mo mú un padà sí tíì yẹn. Mo ní kó má fọwọ́ kan dráífà. Áyọ́ọ̀nù 7, igi tó kúrú ju dráífà lọ, 130 yáàdì. Áyọ́ọ̀nù 7 lẹ́ẹ̀kan sí i, 130. Ó ku 100. Ó mú wẹ́ẹ̀jì, igi tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù sí ibi tí kò jìnnà, bọ́ọ̀lù gun gíríìnì, ṣùgbọ́n ó jìnnà sí ihò. Pọ́ọ̀tì mẹ́ta, èyí tó kẹ́yìn sì fẹ́ẹ̀ yà. Ó jẹ́ 6. Ẹ rò ó wò: pọ́ọ̀tì tí kò dáa, síbẹ̀ ó fi 3 dín sí tàárọ̀.

Nítorí náà, ẹ sọ fún kádì yín, ẹni tó ń gbé báàgì yín (àwọn kádì wa mọ pápá ju àwa olówó lọ, ìdí báàgì lèmi náà ti bẹ̀rẹ̀) pé kó máa fa ìlà fún nǹkan mẹ́ta létí káàdì: bọ́ọ̀lù tó sọ nù, ṣọ́ọ̀tù ẹ̀gbẹ́ gíríìnì tí kò gun gíríìnì, àti pọ́ọ̀tì kẹta. Àwọn ìlà yẹn ni ẹ ó máa lépa. Bí bọ́ọ̀lù tó ń sọ nù bá jẹ́ márùn-ún ní Sátidé kan, ẹ ní kó di méjì. Hándíkáàpù á tẹ̀lé e fúnra rẹ̀. Lọ́jọ́ Ọjọ́rú náà, ẹ má jẹ́ kí garawa bọ́ọ̀lù tán sórí dráífà. Ìdajì rẹ̀, ẹ gbá a sí ibi tí kò ju 50 yáàdì lọ.

Ẹ má fi ọjọ́ kan pàtó de ara yín mọ́lẹ̀ láì wo ojú ọjọ́. Lásìkò òjò, ilẹ̀ tutù, bọ́ọ̀lù bọ́ síbi tó bọ́ sí ó dúró síbẹ̀, koríko ẹ̀gbẹ́ sì ki bí irun àgùntàn. Tí ọyẹ́ bá dé, ilẹ̀ á le, bọ́ọ̀lù á máa sáré, ẹ ó rò pé apá yín ló lágbára sí i.

Ẹ bi akọ̀wé kílọ́ọ̀bù yín bóyá wọ́n ti wọn pápá yín, torí káàdì pápá tí kò ní Course Rating àti Slope kò wúlò fún ìṣirò tí mo ṣe lókè yìí. Bí ẹ bá tún lọ gbá níbi tí wọ́n ṣì ń lo bíráùn, yanrìn tí wọ́n fi òróró pò, ẹ gbádùn ara yín, àmọ́ ẹ má retí kí pọ́ọ̀tì ibẹ̀ rí bíi ti orí koríko.

Bí nọ́ńbà yín bá lọ sókè lẹ́yìn tó ti wálẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ kó lọ, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe é. Tí ẹ bá ti ní káàdì 20, ìlànà náà fúnra rẹ̀ kò ní jẹ́ kó gòkè ju 5 lọ sí èyí tó kéré jù tí ẹ ní láàárín oṣù 12. Èyí tí mi ò fẹ́ ni kí ẹ fi káàdì burúkú pamọ́, ìbáà ṣe nítorí ìtìjú, ìbáà ṣe kí ẹ lè gba ife ẹ̀yẹ lọ́jọ́ ìdíje.

Sátidé tó ń bọ̀, ẹ fi dráífà sílẹ̀ sínú bọ́ọ̀tù mọ́tò. Ẹ gbá ihò 18 láìsí “gbé e”, kí ẹ wá ya fọ́tò káàdì náà ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú àwọn ìlà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, títí kan ihò tí ẹ kò ní fẹ́ kí n rí.