Iye tó wálẹ̀ yẹn kò sọ pé iṣẹ́ pọ̀ n'Íjẹ̀bú

Àbúrò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí sìnrúùlú, tó ní òun rí i kà pé ìdá 4.3 nínú 100 ni àwọn tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ ní Nàìjíríà láàárín ọdún 2024, tó wá ń béèrè bóyá kí òun jókòó s'Íjẹ̀bú-Òde wáṣẹ́ àbí kí òun kọjá s'Ékòó, jọ̀ọ́ fara balẹ̀ gbọ́ tèmi.

Iye yẹn kì í ṣe irọ́. Àjọ NBS, tó ń ṣe ìṣirò iye nǹkan fún ìjọba àpapọ̀, ló gbé e jáde. Ṣùgbọ́n ní ìparí 2020, àjọ yìí kan náà pè é ní 33.3. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kà á ni wọ́n yí padà ní 2023. Tẹ́lẹ̀, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò bá tó wákàtí 20 lọ́sẹ̀, aláìníṣẹ́ ni. Ní báyìí, bí o bá fi wákàtí kan péré ṣe iṣẹ́ tó mówó wá láàárín ọ̀sẹ̀, o níṣẹ́ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ṣe ń kà á, mi ò bá wọn jà sí i. Àmọ́ mo ti gbé inú wákàtí kan yẹn rí.

Ọdún mẹ́fà ni mo fi bá ilé iṣẹ́ kan ṣiṣẹ́ ní Ṣágámù, nídìí ẹ̀rọ. Nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún 2023, tí náírà tún já lóṣù tó tẹ̀ lé e, ohun èlò tí wọ́n ń rà láti òkè òkun wọ́n kọjá sísọ. Wọ́n dá àwa tó lé ní ọgbọ̀n dúró. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀, ilé iṣẹ́ náà tún ń gbà wá padà, lọ́wọ́ kọngílá, ìyẹn agbaṣẹ́ṣe tó ń bá wọn kó òṣìṣẹ́ wá, láìsí ìwé, owó ojúmọ́.

Mo padà lọ. Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí, a ti tò síwájú géètì. Ọmọkùnrin kan á jáde pẹ̀lú máàkà, á máa kọ nọ́ńbà sẹ́yìn ọwọ́ wa. Tó bá ti kan 25, ó tán, á wọlé. Lọ́jọ́ kan, ẹni tó wà níwájú mi gan-an ló gba 25. Owó ọkọ̀ tí mo ní lọ́wọ́, mo fi ra àkàrà, mo fẹsẹ̀ rìn dé ojú ọ̀nà Bìní, mo sì bẹ awakọ̀ tírélà kan kó gbé mi dé Ìjẹ̀bú-Òde.

Lọ́sẹ̀ tí wọn kò bá kọ nọ́ńbà sí mi lọ́wọ́ rárá, ọ̀kadà aládùúgbò ni mo ń yá gùn fún wákàtí méjì nírọ̀lẹ́, láti Òkè-Ajé lọ sí Ìjagun. Ẹni tó níṣẹ́ ni mo jẹ́ nínú ìṣirò yẹn. Sáà yẹn ni wọ́n lé ọmọ mi wálé nítorí owó ilé ìwé.

Nítorí náà, tí wọ́n bá ní iṣẹ́ wà, béèrè ìwé ẹni tí wọ́n máa fi gbà ẹ́, ti ilé iṣẹ́ ni àbí ti kọngílá. Níbẹ̀rẹ̀ 2023, nínú 100 tó ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà, bíi 12 péré ló ń ṣe iṣẹ́ olówó oṣù. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn yòókù, òwò tàbí oko ara wọn tàbí ti ẹbí ni wọ́n ń ṣe.

Ní ti Èkó, mo gbìyànjú ẹ̀ fún oṣù márùn-ún. Owó ọkọ̀ àti ibi tí mo ń sùn ló kó gbogbo ẹ̀ lọ. Tí o bá ní yàrá nílé bàbá ẹ n'Íjẹ̀bú tí ẹnikẹ́ni kì í gbowó ẹ̀ lọ́wọ́ ẹ, má tètè fi sílẹ̀. Irú ibẹ̀ lèmi náà padà sí kí n tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ ṣe. Ó tó oṣù mẹ́rìnlá kí àwọn tó ń ṣe gààrí tó mọ̀ mí dáadáa, kí n tó máa rí owó gidi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Oṣù mẹ́rìnlá yẹn le. Ìyá mi ló ń bọ́ wa.

Tí ilé iṣẹ́ kankan bá pè ẹ́ ní Ṣágámù, kọ ohun tó wà nínú ìwé wọn síbí kí o tó fọwọ́ sí i. Mo máa kà á.