Ẹ Bi Wá: Wàhálà "get" Nínú Gẹ̀ẹ́sì

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Ọmọ mi tó ń múra WAEC kọ "I get two brothers", olùkọ́ rẹ̀ sì fa ìlà pupa sí i. Mo ṣí ìwé atúmọ̀ èdè, ìtumọ̀ "get" kún ojú ìwé bámúbámú. Báwo ni kó ṣe há gbogbo rẹ̀ sórí? (Òǹkàwé kan, Sábó, Ilé-Ifẹ̀)

ÌDÁHÙN: Ẹ má jẹ́ kó há nǹkan kan sórí. Ohun tó bá tẹ̀lé "get" ni kó máa wò. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ orúkọ, gbà, rí tàbí rà ló sábà máa ń jẹ́: "I got a letter." Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ àpèjúwe, nǹkan ti ń yí padà nìyẹn: "it is getting dark", ilẹ̀ ń ṣú. Bó bá jẹ́ ibìkan, ó ti di dídé: "we got to Ilesa at six". Àmọ́ "home", "here" àti "there" kì í gba "to".

Pijin ló ṣi ọmọ yín lọ́nà. Nínú pijin, "I get" ni "mo ní", kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀, èdè tó ní òfin tirẹ̀ ni. Nínú ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì, "I have" tàbí "I've got" ni kó kọ. "I get money every Friday" tọ̀nà o, ṣùgbọ́n owó tó ń wọlé ló ń sọ, kì í ṣe èyí tó wà lápò.

Èyí tó le jù lọ ni ti onígbàjámọ̀. Àwa á ní "mo lọ gẹrun", bẹ́ẹ̀ ẹlòmíì ló di abẹ mú. Ìdí nìyẹn tí "I barbed my hair" fi kún ẹnu wa. "I got my hair cut" ni kó kọ: nǹkan náà kọ́kọ́ wá, ìṣe tẹ̀lé e. Bó bá fẹ́ dárúkọ ẹni tó ṣe é, kó fi "to" sí i: "I got the barber to cut it". "Make" ni kì í gba "to" níbẹ̀: "I made him cut it". Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń da méjèèjì pọ̀, máàkì á sì lọ.

Nínú ọkọ̀, "get off" ni ti bọ́ọ̀sì àti ọ̀kadà, "get out of" ni ti takisí.

ÌBÉÈRÈ: "Got" ni àbí "gotten"? (Òǹkàwé kan, Iléṣà)

ÌDÁHÙN: Àwọn ará Amẹ́ríkà ló ń lo "gotten", àwọn náà kì í sì í fi sọ pé "mo ní". Gẹ̀ẹ́sì ti Bìrìtìkó là ń kọ́ nílé ìwé wa, nítorí náà ẹ kọ "got".