Ẹ Bi Wá: Ẹlẹ́rìndòdò Lọ́gbà Ìgbafẹ́, Orúkọ Rẹ̀ àti Owó Rẹ̀

Ìsinmi àwọn ọmọ ti wọlé, ọ̀rọ̀ ọgbà ìgbafẹ́ ló sì pọ̀ jù nínú ìbéèrè yín. A mú márùn-ún tó dá lórí ohun mímu tí wọ́n ń tà níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wá kí wa láti Ìbàdàn. A kó àwọn ọmọ lọ sí ọgbà ìgbafẹ́, ó sì ní kí wọ́n fún wa ní mínírà tútù mẹ́rin. Omi inú ike mẹ́rin ni wọ́n gbé wá, wọ́n ti ṣí gbogbo rẹ̀ kí a tó lanu. Ta ló jẹ̀bi? (Bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta, Àjàṣẹ́)

Bàbá wa, kò sẹ́ni tó jẹ̀bi nínú wọn. Ọ̀rọ̀ kan náà ló gba ọ̀nà méjì wọ èdè wa. Ẹnu Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ará Nàìjíríà àti Gánà ti gbọ́ ọ, gbogbo ohun mímu dídùn tó ní gáàsì ni wọ́n sì ń fi pè. Àwọn ará Ireland náà ń lò ó bẹ́ẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa ní Benin, Faransé ló gbé e dé, eau minérale sì ni omi inú ike, irú Possotomè. Ẹni tó ta omi fún ẹ̀gbọ́n yín gbọ́ ohun tí Àjàṣẹ́ kọ́ ọ láti gbọ́.

Sucrerie ni orúkọ tí ẹ ó dá ní Àjàṣẹ́, ní Kétu tàbí ní Ṣábẹ̀ẹ́ tí wọn kò fi ní gbé omi wá. Ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan kò tó, nítorí ẹni tó ń tà á á ṣì bi yín pé èwo. Ẹ dárúkọ ìgò náà gan-an: Kóòkì, Fántà, Youki. Ẹ sọ bóyá kékeré lẹ fẹ́ tàbí ńlá. Ẹ má sì pè é ní jus o. Ní Cameroon, ohun tí wọ́n ń pe ẹlẹ́rìndòdò nìyẹn, ṣùgbọ́n níbí, ẹ lè rí omi ọ̀pẹ̀ òyìnbó nínú ife. Ẹlẹ́rìndòdò tí àwa ń kọ sínú ìwé yìí, gbogbo Yorùbá tó ń kàwé ló mọ̀ ọ́n, àmọ́ nídìí igbá ọjà orúkọ ìgò ló ń yá ọwọ́.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù: ẹ béèrè iye rẹ̀ nígbà tí ìdérí ṣì wà lórí ìgò. Bó bá ti lè ṣí, kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ gbà á padà.

Ọmọ mi tó wà ní Amẹ́ríkà fi rísíìtì ọgbà ìgbafẹ́ kan hàn mí: ife ohun mímu kan ṣoṣo, ó lé ní dọ́là 5. Níbí náà, ìgò tí mò ń rà lẹ́bàá ọ̀nà máa ń di ìlọ́po méjì tí mo bá ti wọnú ọgbà. Ṣé olè kọ́ nìyẹn? (Tíṣà àná, Ṣábẹ̀ẹ́)

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tó wà nínú ife ti Amẹ́ríkà yẹn. Wọn kì í sábà da ìgò sí i. Omi ṣúgà ki ni ilé iṣẹ́ ń kó ránṣẹ́ nínú ọ̀rá tó wà nínú páálí, páálí kan gba gálọ́ọ̀nù 5, ìyẹn nǹkan bíi lítà 19. Ẹ̀rọ á po ìdá kan omi ṣúgà mọ́ ìdá márùn-ún omi tí wọ́n ti fẹ́ gáàsì sí. Páálí kan á di lítà 113. Ife tí wọ́n ń pè ní 16 ounce gba mílílítà 473, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti rọ yìnyín kún un, ohun mímu tó wọlé kò ju bí ìdajì lọ. Ẹ ṣírò rẹ̀: páálí kan á kún ife tó lé ní 400. Nítorí náà, ohun mímu gan-an ló kéré jù nínú dọ́là 5 yẹn.

Kí ni ọmọ yín wá sanwó fún? Owó òṣìṣẹ́ wà níbẹ̀, owó ilẹ̀ wà níbẹ̀, oṣù tí òtútù fi ń ti ọgbà pa wà níbẹ̀. Èyí tó ga jù ni pé ẹni tó ti wọlé kò lè jáde lọ ra tiẹ̀ níta, tí oòrùn bá sì ti mú àwọn ọmọ, bàbá wọn kò ní ná an. Àwọn ọlọ́gbà mọ èyí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í jẹ́ kí owó ẹnu ọ̀nà ga jù kí èrò lè wọlé, wọ́n á wá gba ìyókù lórí oúnjẹ, ohun mímu àti ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí. Kì í ṣe olè bí wọ́n bá kọ iye rẹ̀ síta. Ẹ tún rántí pé iye tí wọ́n kọ sára pátákó ní Amẹ́ríkà kò ní owó orí nínú, ìdí tíìlì ni wọ́n ti ń fi kún un. Tiwa níbí, 18% owó orí ti máa ń wà nínú iye tí wọ́n kọ.

Ọgbà kan wà tó gba ọ̀nà mìíràn. Holiday World ní ìlú Santa Claus, ní Indiana, ti ń fún àwọn tó wọlé ní ẹlẹ́rìndòdò láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn láti ọdún 2000, bí wọ́n bá ṣe lè mu ún tó. Owó ẹnu ọ̀nà ló ń gbé e. Tiwọn tẹ́ wa lọ́rùn jù, nítorí òbí mọ iye tó máa ná kó tó kúrò nílé.

Níbi tí wọ́n bá ti ń ta ife àtúnkún, ìyẹn ife tí èèyàn ń sanwó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tí wọ́n á sì máa tún un kún fún un, kí ọmọ yín pín owó rẹ̀ kó tó rà á. Ká ní ife lásán jẹ́ dọ́là 6, ti àtúnkún sì jẹ́ 20. Ife mẹ́ta lásán jẹ́ 18, mẹ́rin jẹ́ 24. Tí kò bá ní mu tó mẹ́rin, kó fi àtúnkún sílẹ̀. Kó bèèrè bóyá ọjọ́ kan ni tàbí gbogbo sáà, àti bóyá wọ́n ń gba èèyàn méjì láyè lórí ife kan. Ní ọgbà Universal ní Orlando, ní Amẹ́ríkà, ife náà ní ohun kékeré kan nísàlẹ̀ tí ẹ̀rọ ń kà. Lẹ́yìn tó bá kún lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rọ kò ní dá a lóhùn mọ́ títí ìṣẹ́jú 10 á fi kọjá. Ẹni tó bá fẹ́ fi ife kan bọ́ ọmọ mẹ́rin á dúró pẹ́ nídìí ẹ̀rọ náà.

Ní ti ìlọ́po méjì tibí: bí wọ́n bá gbé ìgò tútù gun òkè Ṣábẹ̀ẹ́ wá bá yín, tó tutù débi pé omi ń sun lára rẹ̀, kò burú. Ìlọ́po méjì fún ìgò lílọ́wọ́ọ́rọ́ ni ìrẹ́jẹ, ẹ dá a padà kí wọ́n tó ṣí i.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, mo rí iṣẹ́ ìgbà ooru nínú ọgbà ìgbafẹ́ kan ní Ohio, ní Amẹ́ríkà, ìdí ohun mímu ni wọ́n fi mí sí. Gẹ̀ẹ́sì tí mo kọ́ nílé ẹ̀kọ́ ní "soft drink". Ṣé ó tó? (Akẹ́kọ̀ọ́, Àjàṣẹ́)

Àbúrò wa, kò tó. Ara pátákó lo ti máa rí "soft drink" tàbí "fountain drink", ṣùgbọ́n ẹnu èèyàn yàtọ̀. Ohio jẹ́ ilẹ̀ "pop", bẹ́ẹ̀ náà ni Michigan àti Minnesota. Ìró ìdérí tó ń fò ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Ní California àti New York, "soda" ni. Ní Gúúsù, "coke" ni gbogbo rẹ̀, torí Atlanta ni wọ́n ti ṣe Coca-Cola lọ́dún 1886. Ẹni tó wá láti Georgia lè ní kí o fún òun ní coke, kó jẹ́ Sprite ló wà lọ́kàn rẹ̀, ará ilé rẹ̀ á bi í pé "Coke wo?", ìwọ náà bi í bẹ́ẹ̀. St. Louis wà láàárín àwọn tó ń sọ pop, síbẹ̀ soda ni tiwọn. Àgbàlagbà láti Boston lè pè é ní "tonic", ará Glasgow ní Scotland lè pè é ní "ginger". Má ṣe tún un sọ fún wọn bí ẹni tó ń kọ́ wọn ní èdè wọn, ṣáà bi wọ́n léèrè èwo.

Ọgbà sábà máa ń bá ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo dòwò pọ̀. Bó bá jẹ́ Pepsi ni tiyín, tí ẹnì kan ní Coke, má kàn rọ ọ́ sínú ife fún un. Sọ pé Pepsi lẹ ní, kó sọ bóyá ó tẹ́ òun lọ́rùn. Mọ ìwọ̀n ife sórí: 16 ounce jẹ́ mílílítà 473, 20 jẹ́ 591, 32 jẹ́ 946. "Light ice" túmọ̀ sí kí o dín yìnyín kù.

Kí o sì máa wo àwọ̀ rẹ̀. Bí ohun mímu bá jáde tí àwọ̀ rẹ̀ ṣá, tó jọ omi, omi ṣúgà inú páálí ti tán. Bó bá dùn ṣùgbọ́n tí kò hó, wo agolo gáàsì.

Mo fẹ́ máa ta ẹlẹ́rìndòdò lásìkò ọdún, níbi eré àwọn ọmọdé àti níbi Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ọdún tó kọjá mo tà dáadáa, ṣùgbọ́n n kò rí èrè kankan mú délé. (Ìyá ọlọ́jà, Kétu)

Ìyá wa, ó dà bíi pé owó ìgò nìkan lẹ kà. Ẹ jẹ́ ká ṣírò àpótí kan tó ní ìgò kékeré 24. Ẹ fi iye tiyín dípò tiwa, torí àpẹẹrẹ lásán lèyí. Ká ní ẹ rà á ní 7200 sẹ́fà, ìyẹn 300 fún ìgò kan. Yìnyín 600. Ọlọ́kadà 500. Àyè tí ẹ jókòó sí, tí a bá pín in sórí àpótí mẹ́rin, 250. Ìgò kan fọ́ tàbí ó bá ẹnì kan lọ, owó ìgò náà 150. Àpapọ̀ jẹ́ 8700, ìgò tí ẹ rí tà sì ti di 23. Ìgò kan ti ná yín ní 378 ó lé díẹ̀. Bí ẹ bá ta á ní 400, èrè orí àpótí odindi kò ju 500 lọ. Ní 450, ẹ ó rí 1650. Ní 500, ẹ ó rí 2800.

Ẹ wo owó ẹyọ náà. 450 dára lójú, àmọ́ gbogbo ẹni tó bá mú 500 wá ni ẹ ó wá 50 fún, ibi ọdún sì ni ṣẹ́ńjì ti máa ń wọ́n jù. Ọ̀rọ̀ yìí ti da ilé iṣẹ́ ńlá láàmú rí. Láti 1886 títí di 1959, sẹ́ǹtì 5 ni Coca-Cola ń jẹ́ ní Amẹ́ríkà, ọ̀kan nínú ohun tó sì dè é mọ́bẹ̀ ni pé ẹyọ sẹ́ǹtì 5 nìkan ni ẹ̀rọ ìtajà wọn ń gbà. Lọ́dún 1953, ọ̀gá wọn, Robert Woodruff, bẹ Ààrẹ Eisenhower pé kí wọ́n rọ ẹyọ sẹ́ǹtì 7 àtààbọ̀; wọn kò rọ ọ́. Ẹ mú 500, kí ẹ sì jẹ́ kó tutù dénú.

Èyí mú wa dé orí yìnyín, níbi tí a gbà pé owó yín ti ń jò. Kí ìgò 24 tó ti gbóná tó dígírì 30 lè tutù dé dígírì 5, yìnyín bíi kílò 3 ló máa yọ́ tán pátápátá. Oòrùn àti ṣíṣí àpótí á jẹ tó bẹ́ẹ̀ mìíràn, nítorí náà kílò 6 ni kí ẹ fọkàn sí fún àpótí ìgò kan lọ́sàn-án. Alẹ́ Ẹ̀fẹ̀, ìyẹn alẹ́ tó ṣáájú ọ̀sán Gẹ̀lẹ̀dẹ́, rọrùn díẹ̀, yìnyín kì í tètè yọ́ bíi ti ọ̀sán. Ẹ to ìgò sísàlẹ̀, ẹ kó yìnyín lé e, lẹ́yìn náà ẹ da omi sí i títí dé ọrùn ìgò. Omi yẹn ló ń ṣe iṣẹ́. Yìnyín gbígbẹ kò kan ìgò ju ibi díẹ̀díẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n omi tó ti tutù yí i ká látòkè dé ìdí, nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 ó ti ṣeé tà. Ẹ máa mú láti apá kan, kí ẹ sì máa ki ìgò tuntun sí apá kejì. Ẹni tó bá ń fi gbígbóná lé tútù lórí, gbogbo rẹ̀ ló ń dá padà sẹ́yìn.

Ẹ má ta á ní lílọ́wọ́ọ́rọ́ rárá. Gáàsì kì í dúró nínú ohun tó gbóná. Bí ẹ bá ti ṣí i, á hó dànù lé oníbàárà láṣọ, ẹ ó sì san án padà. Ẹ nu ẹnu ìgò kí ẹ tó ṣí i, torí omi tó wà nínú àpótí yẹn ti gba ọwọ́ púpọ̀ kọjá. Kí yìnyín rẹ̀ má sì wọ ife ẹnikẹ́ni.

Bí ẹ bá fẹ́ máa ta á ní ife fún àwọn ọmọdé, ìgò lítà kan àtààbọ̀ á kún ife sẹ̀ǹtílítà 20 méje, díẹ̀ á dànù. Bí ẹ bá fẹ́ fi yìnyín kún un, kí yìnyín náà jẹ́ ti omi mímọ́, kí owó ife sì wálẹ̀.

Ṣé wọ́n á jẹ́ kí a gbé ohun mímu tiwa wọlé? (Ìdílé kan tó ń rìnrìn àjò, Àjàṣẹ́)

Ó wà lọ́wọ́ ọlọ́gbà. Àwọn ọgbà Disney ní Amẹ́ríkà gbà á, bí kò bá ti sí ọtí nínú rẹ̀ tí kò sì sí nínú ìgò gíláàsì. Wọ́n tún ń fún èèyàn ní omi yìnyín lọ́fẹ̀ẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ lórí káńtà, bí ẹ bá ti lè béèrè. Ọ̀pọ̀ ọgbà mìíràn kì í gbà á. Bí ẹ bá fẹ́ kó tutù, ẹ fi ike omi sínú fìríìsà lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí ẹ má sì kún un dé ẹnu, torí omi tó bá dì máa ń fẹ̀ sí i. Ẹlẹ́rìndòdò inú ìgò gíláàsì kò gbọdọ̀ sun inú fìríìsà. Àárọ̀ ni ẹ ó bá a ní fífọ́, tí ṣúgà ti lẹ̀ mọ́ ẹran.