Ìrìn àjò sí Broken Hill: ẹ má gbéra nírọ̀lẹ́

ÌBÉÈRÈ: Adelaide ní Ọsirélíà ni èmi àti ìyàwó mi ń gbé, pẹ̀lú ọmọ wa ọlọ́dún mẹ́rin. A fẹ́ fi ọkọ̀ kékeré wa lọ sí Broken Hill, ìlú àwọn awakùsà, lóṣù Keje, ká lo ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé ọkọ̀ wa á lè débẹ̀? Ṣé ká gbéra lọ́jọ́ Jímọ̀ tá a bá ti ṣíwọ́ iṣẹ́?

ÌDÁHÙN: Ọkọ̀ yín á débẹ̀ dáadáa, títì ọlọ́dà ni dé ìlú. Ìgbéra ìrọ̀lẹ́ yẹn ni mi ò fara mọ́. Ọ̀nà náà lé ní kìlómítà 500, oòrùn oṣù Keje sì máa ń tètè wọ̀, torí ìgbà òtútù ni níbí. Àkókò yẹn gan-an ni kangarú ń jáde wá jẹko létí títì, ó sì lè bẹ́ sójú ọ̀nà lójijì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sùn, kí ilẹ̀ ọjọ́ Sátidé mọ́ kẹ́ ẹ tó gbéra. Ẹ rọ epo kún táǹkì ní Yunta, ìlú kékeré kan lójú ọ̀nà, torí ó ku nǹkan bíi kìlómítà 200 kẹ́ ẹ tó dé Broken Hill.

Lọ́dún 1883 ni Charles Rasp, tó ń ṣọ́ ọgbà àgùntàn, kíyè sí òkè tó wà ní Broken Hill. Fàdákà, òjé àti síńkì ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n ti wa òkè náà lọ. Òkìtì pàǹtírí òkúta ló kù láàárín ìlú. Orí rẹ̀ ni ìrántí àwọn awakùsà wà, orúkọ tó lé ní 800, pẹ̀lú ohun tó pa oníkálukú: àpáta wó lu eléyìí, tọ̀hún já sí kòtò. Ẹ má sáré kọjá níbẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ kà á.

Nítorí òjé yẹn, tó wà nínú erùpẹ̀ ìlú náà, tó sì lè pa ọmọdé lára, ẹ má jẹ́ kí ọmọ fi erùpẹ̀ ṣeré, kẹ́ ẹ sì fọ ọwọ́ rẹ̀ kó tó jẹun.

Ọ̀sán ni kẹ́ ẹ lọ sí Silverton, ìlú kékeré tó fi kìlómítà 25 jìn sí Broken Hill, kẹ́ ẹ sì wo pẹ̀tẹ́lẹ̀ Mundi Mundi níwájú rẹ̀. Gbogbo èèyàn ló ń wo ìwọ̀ oòrùn níbẹ̀, ṣùgbọ́n òkùnkùn lẹ ó fi padà. Ẹ wo tiyín lórí òkè tí ère òkúta 12 tí wọ́n gbẹ́ lọ́dún 1993 wà. Kò jìnnà sí Broken Hill.

Ẹ fi Mungo, ọgbà ohun alààyè ti ìjọba, sílẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ọ̀nà rẹ̀ kò lọ́dà, tí òjò díẹ̀ bá rọ̀, wọ́n á tì í, owó ìtanràn sì wà fún ẹni tó bá gbà á nígbà tí wọ́n tì í.

Ẹ jẹ èso yín tán kẹ́ ẹ tó padà: wọ́n ń yẹ ọkọ̀ wò ní Oodla Wirra, lójú ọ̀nà Adelaide, nítorí eṣinṣin èso, kòkòrò tó ń ba èso jẹ́.