Ṣé dandan ni kí n forúkọ bàálù àfiṣeré mi sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ta ló sì ń gbẹnu sọ fún wa?

Dandan ni, bí ó bá ti ju gíráàmù 250 lọ. Orí ìkànnì FAA, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ọkọ̀ òfuurufú, ni wàá ti ṣe é. Dọ́là 5 ni, ọdún 3 ló sì ń lò. Nọ́ńbà kan ṣoṣo lo máa kọ sí ara gbogbo bàálù tí o bá ní, ní ìta ara rẹ̀, kí wọ́n lè rí i láìtú nǹkan kan. Ṣe ìdánwò TRUST, ìyẹn ìdánwò lórí ìmọ̀ ààbò, pẹ̀lú, ọ̀fẹ́ ni.

Ẹgbẹ́ AMA, ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi bàálù àfiṣeré ṣeré, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1936, ló ń gbẹnu sọ fún wa jù. Òfin 2012 ti dí FAA lọ́wọ́ láti ṣe òfin tuntun lórí bàálù àfiṣeré, síbẹ̀ wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìforúkọsílẹ̀ ní 2015. Ẹnì kan lára wa pè wọ́n lẹ́jọ́, ó sì jàre ní oṣù karùn-ún 2017. Kí ọdún náà tó parí, ilé aṣòfin ti dá ìforúkọsílẹ̀ náà padà; òfin 2018 wá fagi lé ti 2012 pátápátá.

Remote ID, òfin pé kí bàálù máa kéde ibi tó wà bó ṣe ń fò, ló ká mi lára jù. Ẹni tó fọwọ́ gé pákó balsa fún oṣù bíi mélòó kan, tó lẹ̀ ẹ́ pọ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kò ní ẹ̀rọ tó ń kéde ibi tí bàálù wà nínú rẹ̀. Pápá tí FAA fọwọ́ sí, tí wọ́n ń pè ní FRIA, ló ti lè fò ó láìsí ẹ̀rọ yẹn. Torí náà, wá ẹgbẹ́ tó ní irú pápá bẹ́ẹ̀ nítòsí rẹ.